Kí Wọ́n Tó Ní Kí Ẹ Ra Ẹ́ńjìnnì Mìíràn

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ojú-ewé tó máa ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ọbẹ̀ àti ìgbéyàwó yà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí onítọ̀hún rántí pé inú àpò kan náà ni owó iléèwé ọmọ àti owó àtúnṣe ọkọ̀ ti ń jáde.

Ní Ọjọ́rú kan, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ wọlé sí sáà tuntun, mo ń ti Táńkẹ̀ bọ̀ wá sílé. Bí mo ṣe dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Típà Gáráàjì, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Toyota Corolla ọdún 2005 ni, tòkúnbọ̀. Mo tẹná, kò fà. Iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tó ti ń tàn láti bí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo sì ń fojú fò ó, wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ó mirí, ó ní, “Àlàájà, ẹ́ńjìnnì yìí ti lọ. Ẹ jẹ́ ká wá òmíràn.” Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí mo ti tọ́jú fún owó iléèwé àwọn ọmọ mi méjèèjì. N kò sùn lóru ọjọ́ náà. N kò lè fi owó ọmọ ra ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè wà láìní ọkọ̀, nítorí òun ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù lóṣooṣù.

Ọpẹ́lọpẹ́ àbúrò mi ọkùnrin. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó wà lẹ́yìn Ọ̀fà ju Òje lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà wò ó.” A fi ọkọ̀ mìíràn fà á lọ sọ́dọ̀ bàbá kan ní Gáà Akanbí.

Bàbá kò fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ìgbà tó bá dúró ló ń gbọ̀n ni, àbí ìgbà tó bá ń gun òkè? Ṣé omi inú rédíétọ̀ ń dín? Ìgbà wo ni ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì kẹ́yìn? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni n kò rí ìdáhùn sí.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Sìlíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì mi, bí ìkòkò mẹ́rin lórí ààrò. Láti ìgbà tí Nikolaus Otto ti ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí jáde ní Jámánì lọ́dún 1876, ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà ni kò yí padà: yóò fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, yóò fún wọn pọ̀, yóò dáná sí wọn, yóò sì tú èéfín síta. Nọ́súlù ló ń fọ́n epo. Kóìlì ló ń sọ agbára bátìrì tó jẹ́ fóólítì 12 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí púlọ́ọ̀gì lè fi ṣáná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, sìlíńdà náà yóò tàsé, àwọn mẹ́ta yòókù yóò máa ru ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mú ẹ̀rọ kékeré kan, ó kì í bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti mú un ní dandan pé kí irú ihò bẹ́ẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ wa fi ní i. Ohun tó jáde ni P0303. P0300 túmọ̀ sí pé àtàsé náà kò ní ojú kan; ṣùgbọ́n P0301 dé P0304 ń dárúkọ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Tèmi jẹ́ ìkẹta. Bàbá ní, “Ẹ má tíì yọ̀. Nọ́ńbà yìí sọ ilé tí àìsàn wà, kò sọ orúkọ àìsàn.”

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yọ kóìlì orí ìkẹta, wọ́n fi sórí ìkíní, wọ́n sì gbé ti ìkíní sórí ìkẹta. Wọ́n pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n wa ọkọ̀ yí àdúgbò ká. Nígbà tí wọ́n dé, P0301 ni ẹ̀rọ sọ. Àìsàn ti bá kóìlì ṣí lọ! Púlọ́ọ̀gì ìkẹta náà dúdú, ó sì rin fún epo tí kò jó. Kóìlì kan àti púlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mo rà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ẹ́ńjìnnì.

Mo bèèrè pé bí nọ́ńbà náà kò bá ṣí kúrò ńkọ́? Ó ní púlọ́ọ̀gì ni wọn ìbá tún pààrọ̀ ipò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ nọ́súlù. Bí púlọ́ọ̀gì bá ní ọ́ìlì lára, ó lè jẹ́ pé ríǹgì tàbí fáàfù ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé. Bí omi rédíétọ̀ bá ń dín tí èéfín funfun sì ń jáde, kí a fura sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà ni wọn yóò fi gééjì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ títú ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀.

N kò pe mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní olè. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì ní ẹ̀rọ. Èmi náà jẹ̀bi, nítorí mo fojú fo iná fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, ẹ má fi ipá sá eré mọ́, nítorí epo tí kò jó lè ba ohun èlò tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀ jẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ bèèrè pé: sìlíńdà wo ni? Kí ni ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí ìbéèrè náà. Àwọn ọmọ mi wọlé lọ́jọ́ Ajé, ọkọ̀ náà ni mo sì fi gbé wọn lọ.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.