Ẹ̀rọ tí kò lè jí fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí lórí ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá àwọn onísọ́ọ̀bù gbé server Linux kalẹ̀ ní Ìbàdàn yìí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

Láti Agbowó dé Challenge, iná kì í tọrọ gáfárà kó tó lọ. Ní 2024, gíríìdì gbogbo orílẹ̀-èdè wó léraléra, gbogbo wa la rí i. Fún ìdí èyí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè nípa server ni pé: tí iná bá lọ, tó tún dé, ta ló máa jí i?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọbìnrin tó wà nídìí kántà ni wọ́n ń retí pé kó jí i. Kò mọ Linux, kò ní password. Àwọn oníbàárà ti tò, ètò tí wọ́n fi ń ta ọjà ò ṣí, ọ̀gá ń jágbe lórí fóònù pé kí ló fọwọ́ kàn. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan! Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà ló tẹ "systemctl start", tó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, tó sì gbé báàgì ẹ̀.

"start" ń jí service fún ìsinsìnyí nìkan. "enable" ló ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún systemd pé kó máa pè é nígbàkúùgbà tí ẹ̀rọ bá tan. Symlink kékeré kan ló ń fi sínú /etc/systemd/system, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè ṣe méjèèjì pa pọ̀:

sudo systemctl enable --now nginx

Ubuntu ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Lórí Ubuntu àti Debian, tẹ́ ẹ bá fi apt gbé nginx wọlé, ó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀, wọ́n á sì ti bá yín enable ẹ̀. Ẹ wá gbé ìwà yẹn dé orí Fedora tàbí Rocky: dnf á gbé e wọlé, á sì fi í sílẹ̀ kó máa sùn. Ti FreeBSD náà ń dúró de àṣẹ yín: sysrc nginx_enable=YES. Ti Alpine ni rc-update add nginx default.

App tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ ńkọ́? Kò sí ẹni tó máa bá yín enable ìyẹn. Ẹ kọ fáìlì service fún un, kẹ́ ẹ má gbàgbé WantedBy=multi-user.target lábẹ́ [Install]. Tí app bá nílò database, ẹ fi After=postgresql.service sí i kó má baà jí ṣáájú ẹni tó ń bọ́ ọ. Àwọn kan á ní àwọn ti fi í sínú screen. Ẹ̀gbọ́n, screen ń bá iná lọ ni jàre.

(Tí tutorial yín bá ṣì ń kọ́ yín ní rc.local, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Láti 2015 ni Debian àti Ubuntu ti gba systemd. Ìjà pọ̀ lórí ẹ̀ nígbà yẹn. Mi ò sí níbẹ̀.)

Ẹ wọ inú BIOS náà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni iná máa dé bá tí wọn ò ní tan àfi kí èèyàn tẹ bọ́tìnnì. Ẹ wá ibi tó jọ "Restore on AC Power Loss", kẹ́ ẹ fi sí "Power On". Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, asán ni gbogbo enable yẹn.

Wọ́n á ní inverter wà, sólà wà. Ó dáa. Bátìrì kì í tán ni? Tí kernel bá gba update, ṣé kò ní béèrè reboot?

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé: àwọn kan mọ gbogbo èyí, wọn ò kàn fẹ́ ṣe é. Wọ́n ní tí ẹ̀rọ bá ń jí fúnra ẹ̀, kí làwọn máa jẹ? Ìyá tó ń ta ọjà ní Dùgbẹ̀ á wá máa san owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ fún yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré lẹ ò tẹ̀. Backup wà, ààbò wà, update wà. Ẹ sọ iye ẹ̀ fún un ní gbangba, iṣẹ́ gidi nìyẹn, ó sì yẹ kó sanwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dá ohun ìṣẹ́jú kan dúró kí wọ́n lè máa pè yín, ìrẹ́jẹ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ ẹ tó san owó tó kù: ẹ ní kó pa ẹ̀rọ náà dáadáa níwájú yín, kó yọ ọ́ lára iná. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ dá iná padà fúnra yín, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan kíbọọ̀dù. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ tó wà nídìí kántà ta nǹkan kan lórí ẹ̀. Tó bá tà á, ẹ sanwó.