Ẹ Má Pa Ijó Mọ́ Ọmọ Lẹ́sẹ̀, Ẹ Má Sì Torí Ijó Sọ Ọmọ Nù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọdún méjì, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sí.

Bàtà òkìrìkà ọmọdé ni mò ń tà ní ọjà Aṣwàní, ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé Túsìdeè ni ọjọ́ ọjà wa. Ní Túsìdeè kan, mo tú ẹrù tuntun, mo bá bàtà kan nínú rẹ̀ tó rọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀. Kò ní hílì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló dábùú rẹ̀ lókè. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ta ni yóò ra irú èyí? Ọmọ mi ọkùnrin, tó ti ilé-ìwé dé wá ràn mí lọ́wọ́, ló he é. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ó wọ̀ ọ́, ó di òpó ìsọ̀ mú, ó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó dúró gbọin. Ó ní, "Mọ́mì, bàtà ballet nìyí. Mo fẹ́ kọ́ ọ."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá onílé wa ní alẹ́, ó ní, "Baálẹ̀ kẹ̀? Ìlú wo ló fẹ́ jẹ baálẹ̀ sí?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ títí mo fi wá olùkọ́ kan rí, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní gbogbo Sátidé.

Láti ìgbà náà ni èdè Faransé ti wọ ilé wa. Bó bá tẹ orúnkún, á ní plié lòun ń ṣe. Mo bi í pé ṣé Kútọ́nu ló fẹ́ lọ ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é ní gbogbo ayé. Mo lọ jókòó wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Olùkọ́ náà kò jẹ́ kí wọ́n máa fò sókè púpọ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní yóò ba orúnkún wọn jẹ́, pákó tó ń mì díẹ̀ ló yẹ kó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù di nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12, kí egungun wọn gbó díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó mọṣẹ́ ni.

Bàbá ọmọ ni kò fẹ́ gbọ́. Ó ní ijó kì í ṣe iṣẹ́, àti pé ọkùnrin kì í na ẹsẹ̀ báyìí. Èmi náà kọ́kọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo bi í pé: ta ni ń jó bàtá? Ta ni ń takìtì lójú agbo eégún? Ṣé obìnrin ni? Olóògbé Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Nígbà tó di 1967, ó kó àwọn oníjó rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ àgbáyé ní Montreal, ní Kánádà. Germaine Acogny, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní 1944, ló darí ilé-ẹ̀kọ́ ijó Mudra Afrique ní Dakar láti 1977 títí tó fi kógbá wọlé ní 1982. Òun náà ló dá École des Sables sílẹ̀ ní Senegal ní 1998, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice ní 2021. Ijó ni obìnrin yìí fi ṣe gbogbo rẹ̀. Bàbá ọmọ dákẹ́. Ó ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kùnà níléèwé. Mo ní ìyẹn ò burú.

Àṣé ẹ̀yìn ìyẹn ni wàhálà gan-an wà. Arákùnrin kan tó gbọ́ nípa ọmọ náà wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ní òun yóò bá mi mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́ ballet kan ní Ìlú Ọba, kí n mú ₦350,000 wá fún fọ́ọ̀mù. Kò béèrè bí ọmọ ṣe ń jó, kò tilẹ̀ ní kí òun rí i. Mo ti fẹ́ẹ́ lọ gba owó àjọ mi. Ọpẹ́lọpẹ́ olùkọ́ rẹ̀ tó sọ fún mi pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ ijó gidi kan tí kò ní kọ́kọ́ wo ijó ọmọ, ìbáà jẹ́ lójúkojú, ìbáà jẹ́ nínú fídíò. Mo gbé owó mi jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ìtàn Anthony Madu ló ń wọ̀ wá lójú. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Daniel Àjàlá, tó fi fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ara rẹ̀ ní ballet, dá Leap of Dance Academy sílẹ̀ ní Àjàngbádì níbí ní 2017, kò sì gbowó lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ní 2020, fídíò Anthony, ọmọ ọdún 11, tó ń jó láìwọ bàtà nínú òjò, kárí ayé. Láti ibẹ̀ ló ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà sí Elmhurst Ballet School ní Birmingham. Ohun rere ni, mo sì bá a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ijó rẹ̀ ni wọ́n rí kí wọ́n tó pè é. Ẹ sì lọ wo fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2024, tí wọ́n ń pè ní Madu. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló wà nínú kí ọmọdé fi ìyá àti bàbá sílẹ̀ lọ máa gbé láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí.

Èrò tèmi rèé. Ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ballet ń ṣe kò ṣàjèjì sí wa. Bí àwọn ìdílé Àyàn ṣe ń kọ́ ọmọ wọn ní ìlù nìyẹn. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ìdí nìyí tí Elmhurst àti Royal Ballet School fi ń gba ọmọ láti ọdún 11. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Àyàn bá lùlù tán, ìdí ààrò ìyá rẹ̀ ló ń padà sí. Ọmọ tiwa ni yóò wọ bàálù. Bí ibà bá mú un, ta ni yóò fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀? Bó bá fi ẹsẹ̀ dá, tàbí tí wọ́n sọ pé ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ náà mọ́, kí ló kù fún un? Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ oníjó ballet ló ti ń fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé ogójì ọdún.

Èmi àti bàbá ọmọ ti pinnu. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí tún máa ń gba ọmọ ní ọdún 16. Nígbà yẹn, ọmọ wa yóò ti ṣe WAEC, yóò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá òun ń lọ tàbí òun kò lọ. Bí kò bá lọ, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ eré orí ìtàgé wà ní Ibadan, ó wà ní Ifẹ̀. Qudus Oníkẹ̀kù ti di géńdé kó tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Faransé, ó sì padà wá dá QDance Center sílẹ̀ ní Èkó níbí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 11 lè ya ọmọ mi sílẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ni mo bí, n kò bí ẹsẹ̀ nìkan.

Kí ó má bàa jẹ́ pé a dá wọn dúró lásán ni mo fi ń bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tíátà sí Ìgàndó, Orégùn, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa kọ́ ijó níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, bàtá àti ballet pọ̀, lórí pákó tó dára, lọ́dọ̀ olùkọ́ tí ìjọba ń san owó fún. Ìgàndó kò jìnnà sí wa ní Aṣwàní. Bí àtẹ̀gùn bá wà nílé, kò ní sí ẹni tí yóò máa gún ògiri torí pé ó fẹ́ dókè.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ń jó, ẹ má lù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun yóò mú un lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ló ti wo ijó rẹ̀? Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ìwé wo ni yóò máa kà pẹ̀lú ijó? Bó bá ṣèṣe, ta ni yóò sanwó? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ọmọ mi ti pé ọdún 11 báyìí, ó ti wọ JSS 1. Bàtà àkọ́kọ́ yẹn ti há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo Túsìdeè tí mo bá tú ẹrù ni mò ń wá irú rẹ̀ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó kọ̀wé, mo ti múra tán láti kọ́gbọ́n.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Oníbàtà,
Ọjà Aṣwàní, Ìsọlọ̀, Èkó.