Kí Ọmọdé Fojú Rí Ìsọdipúpọ̀ Kó Tó Há A Sórí

Sí Olóòtú,

Mo ka èrò tí ẹ gbé jáde pé kí àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ padà sí kíké táìmù tébù láràárọ̀, pé eré lásán ni títo ẹyin àti òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ọmọ lè ké 6 lọ́nà 5 bí ẹní kọrin kó má mọ ohun tó ń wí. Ẹ gbé kíréètì ẹyin kan síwájú rẹ̀: ìlà 5, ẹyin 6 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 30. Ẹ yí kíréètì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́: ó di ìlà 6, ẹyin márùn-ún márùn-ún, kò lé, kò dín. Ojú rẹ̀ ti rí i pé ọ̀kan náà ni méjèèjì, nǹkan bí ìdajì ohun tó yẹ kó há sórí sì ti kúrò nílẹ̀. Bó bá gbàgbé 8 lọ́nà 7, yóò fa ìlà 5 tí ẹyọ 8 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40, yóò fi ìlà 2 kún un, 16, ó di 56. Ẹni tó há a sórí nìkan kò ní ibi tí yóò gbà padà.

Kíka nǹkan ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ báyìí kì í ṣe àjèjì sí wa rárá. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n ayò, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48. Kíkọ́ ọmọ lọ́nà tí yóò fi yé e náà kì í ṣe tuntun: Nílé-Ifẹ̀ níbí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà lọ́dún 1970, nílé ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò àtàwọn iṣẹ́ yòókù, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Èdè ni wọ́n ń dán wò níbẹ̀, kì í ṣe títo nǹkan. Síbẹ̀ àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú ìdánwò nítorí pé ohun tí wọ́n ń kọ́ yé wọn.

Òótọ́ ni pé ọmọ kò lè máa to òkúta nínú gbọ̀ngàn ìdánwò àṣewọlé, nítorí náà n kò ní kí a pa àkọ́sórí tì. Ẹ̀yìn òye ni kó ti wá. Ní ti àwọn tó ń sọ pé owó kò sí láti ra ohun títò, ìdérí ìgò àti hóró àgbàdo kì í gbówó. Bí ọmọ bá sì pọ̀ ní kíláàsì, ẹfun àti pátákó tó láti fi àmì róbótó to ìlà. Kí àwọn olùkọ́ fi sáà àkọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní títo nǹkan, kí kíké wá tẹ̀ lé e ní sáà kejì.

Òǹkàwé yín,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀