Baba Ẹja Tí Ń Ṣọ́ Ìtẹ́

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, adágún omi ju 10,000 lọ. Ní ìgbà òtútù, yìnyín a bò wọ́n; ṣùgbọ́n bí ooru bá dé, baba, ìyá àti ọmọ a gbé ọ̀pá ìwọ̀, wọn a sì lọ jókòó sí etí omi. Kì í ṣe ẹja ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá, bí kò ṣe ẹja pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a lè dín lódindi. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni bluegill. Ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé ẹpìyà tiwa ni, ṣùgbọ́n ìdílé wọn yàtọ̀.

Ẹnu rẹ̀ kéré, nítorí náà ìwọ̀ kékeré àti ekòló tí a gé ti tó. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà, síbẹ̀, tí a fẹ́ kí àwọn òbí fi etí sí. Nígbà tí omi bá gbóná, akọ ẹja náà a fi ìrù gbá ìsàlẹ̀ ibi tí omi kò jìn, a sì ṣe ìtẹ́ roboto síbẹ̀. Abo a yé ẹyin sínú rẹ̀, a sì bá tirẹ̀ lọ. Baba ni ó ń ṣọ́ ọ. Òun ni ó ń fẹ́ omi sí ẹyin kí èérí má baà bò wọ́n, òun ni ó sì ń lé ọ̀tá. Ohunkóhun tí ó bá sún mọ́ ìtẹ́ náà ni yóò kọlù, títí kan ìwọ̀ apẹja. Bí a bá sì mú un lọ, kò ní pẹ́ tí àwọn ẹja mìíràn yóò fi jẹ ẹyin náà tán.

Àdánù náà kò tán síbẹ̀. Níbi tí akọ ńláńlá bá wà, akọ kékeré kì í rí àyè ṣe ìtẹ́, nítorí náà a dúró kí ó dàgbà ná. Bí àwọn àgbà bá tán, àwọn kékeré a bẹ̀rẹ̀ sí bímọ láìtọ́jọ́, agbára tí ìbá mú wọn tóbi a sì lọ síbẹ̀. Adágún náà a kún fún ẹja tí kò tó nǹkan. Nítorí èyí ni ìjọba Minnesota, ní 2021, fi dín iye tí ènìyàn lè mú kù láti 20 sí 10 tàbí 5 ní ọ̀pọ̀ adágún.

Ní tiwa, kí ọmọ mú àwọn tí ó mọ níwọ̀n fún oúnjẹ alẹ́, kí ó sì dá baba ńlá orí ìtẹ́ padà, bí ó tilẹ̀ dùn ún. (Yóò dùn ún.) Kí ó fi omi ra ọwọ́ kí ó tó dì í mú, kí ó sì tẹ ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ láti ìhà orí lọ sí ìrù, nítorí ẹ̀gún náà mú.