KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ BÁRÉKÈ FÚN ṢỌ́JÀ TÍ Ó TI FẸ̀YÌN TÌ?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún ni àwọn olórí ìjọba wa máa ń gbé òdòdó lọ sí ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun tí ó ti kú, tí wọn a sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ sí ojú ọ̀run. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní ọdún 1970. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí òdòdó, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní ìjà kan pẹ̀lú ẹyẹlé. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kìíní kan náà ní ọdún 2022, àwọn ṣọ́jà tí ó ti fẹ̀yìn tì kóra jọ ní Àbújá, wọ́n ń béèrè owó tí wọ́n ní ìjọba jẹ wọ́n. Òkú ọmọ ogun gba òdòdó. Alààyè dúró sínú oòrùn.

Ọ̀ràn owó ìfẹ̀yìntì kò ṣókùnkùn. Abala 173 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 wí pé kí a máa tún un yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbàkígbà tí a bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yẹ̀ wò, èyí tí ó bá ṣáájú. Kí a ṣe é bí òfin ti wí. Ohun tí àwa fẹ́ bi ìjọba lónìí yàtọ̀: kí ni ẹ ní lọ́wọ́ ná?

Ilé ìwòsàn ológun wà ní Kàdúná, ní Yábàá, ní Ọ̀jọ́ àti ní Mákúrdì. Ilé ìkọ́ṣẹ́ wà ní Òṣòdì, níbi tí a ti ń kọ́ ọmọ ogun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ ọwọ́. Bárékè kò sì lóǹkà. Àwọn kan nínú wọn ń jẹ́ orúkọ ibi tí àwọn bàbá wa ti jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hítílà: Arakan ní Àpápá, Myohaung ní Yábàá, Letmauck ní Ìbàdàn, Kalapanzin ní Kàdúná. Orúkọ ogun wọn wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú sí abúlé láìfi ojú kan dókítà ológun. A kò fẹ́ kí ti àwọn tí ó lọ sí Lìbéríà àti Sàró rí bẹ́ẹ̀.

Ká ní ọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ ní Lìbéríà, tí ó sì padà sí Òmù-Àrán. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ ti gbó, ó ń dá egbò sí i lára. Ṣé Kàdúná ni yóò lọ ni, tàbí Yábàá? Bẹ́ẹ̀ ni bárékè Sóbí wà ní Ìlọrin, tí ó lè lọ kí ó sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí dókítà bá wà níbẹ̀, bí ibùsùn bá ṣófo, ta ni yóò sọ fún un? Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé kí a ka gbogbo rẹ̀: ibùsùn mélòó, dókítà mélòó, ilé wo ni ó ṣófo tí a lè fi opó ọmọ ogun sí, ẹ̀rọ wo ni ó ń ṣiṣẹ́ ní Òṣòdì. Kí a sì tẹ̀ ẹ́ síta ní èdè tí aráàlú ń kà.

Àwọn kan yóò wí pé ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Bọ̀rnò ní ọdún 2009 kò tíì parí, àti pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó fara gbọgbẹ́ ni ó yẹ kí ilé ìwòsàn kọ́kọ́ tọ́jú. Òtítọ́ ni. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ọ̀dọ́ tí a ń wẹ egbò fún lónìí ni yóò bọ́ aṣọ ogun lọ́la, a kò sì fẹ́ rí i tí yóò máa ṣí géètì fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ẹnu ọ̀nà báńkì, bí a ti ń rí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ẹ̀yin tí a dìbò yàn sí Ilé Aṣòfin, ẹ ní àṣẹ láti pe àwọn olórí ogun kí wọ́n wá ka ìwé ohun ìní wọn fún yín. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀. Kí a mọ iye ibùsùn ṣáájú òdòdó.