Ọmọ Yìí Kì í Ṣe Olódo



Ọmọ tí a ní kì í gbọ́ràn, bóyá etí rẹ̀ ni kò gbọ́. Kí a tó nà án, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò ní UCH.

Ẹ fi ìwé dókítà han ọ̀gá iléèwé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí ọmọ yóò máa jókòó, ìrànlọ́wọ́ tó nílò, tíṣà tí yóò ṣe é. Ìlérí ẹnu kò tó. Bí wọ́n bá gbé tíṣà kúrò, ìlérí bá a lọ nìyẹn.

Àánú kọ́ là ń tọrọ. Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 fún ọmọ tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdìrì.

Ẹ má jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá lọ. Kí ẹgbẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ fi ránṣẹ́.