Àgádágodo Inú Kóòdù Nìkan Kò Tó

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ariwo sọ láàárín àwọn tó ń ṣe Linux pé káàdì nẹ́tíwọ̀kì ń kú mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, wọ́n tún un tàn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi ń lélẹ̀. Iléeṣẹ́ Intel ló ṣe káàdì náà, e1000e sì ni orúkọ driver tó ń darí rẹ̀. Orí ẹ̀dà 2.6.27 ti kernel, ìyẹn ọkàn Linux, tí wọ́n ṣì ń dán wò nígbà náà, ni ọ̀ràn ti bẹ́ sílẹ̀. Ìdààmú bá àwọn tó ń palẹ̀ ẹ̀dà tuntun Fedora, Ubuntu àti openSUSE, àwọn ètò tí wọ́n gbé karí Linux, mọ́. Ubuntu tilẹ̀ yọ driver náà kúrò ná.

Ohun tó bàjẹ́ kò tóbi rárá. Mẹ́mórì kékeré kan wà nínú káàdì yẹn tí kì í gbàgbé nǹkan bí iná tilẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì wà, pẹ̀lú ètò tó fi ń gbéra. Nǹkan kan ń lọ kọ jágbajàgba lé e lórí. Ẹni tó bá ti fi irinṣẹ́ ethtool ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ lè rí i dá padà. Àwọn mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Báwo ni kóòdù ṣe ń ba irin jẹ́? Ojú register ló ń gbà. Register jẹ́ àdírẹ́sì tó jọ ti mẹ́mórì lásán, àmọ́ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tí driver bá kọ síbẹ̀, àṣẹ ni. Kíkà gan-an lè jẹ́ àṣẹ: káàdì Intel yìí ní register kan tó ń sọ ìdí tí ẹ̀rọ fi ké pe kernel, bí ẹnì kan bá sì ti kà á báyìí, ohun inú rẹ̀ ti pa rẹ́. Òfo ni ẹni kejì yóò bá níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà òde òní sì ní ọpọlọ mẹ́rin, mẹ́jọ, tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní 0 ló wà nínú register kan. Ọpọlọ kìíní kà á, ó fẹ́ fi 4 kún un. Kó tó kọ ọ́ padà, ìkejì ti ka 0 yẹn kan náà, òun fẹ́ fi 16 kún un. Ìkíní kọ 4, ìkejì kọ 16. Ohun tó yẹ kó jẹ́ 20 di 16, àṣẹ ìkíní wọmi, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo àgádágodo inú kóòdù: ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó yí i padà, kó tún un kọ, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àgádágodo náà, kò sì gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ títí yóò fi ṣe tán. Ẹni tó ń dúró de èyí tí wọ́n ń pè ní spinlock kì í sùn, ojú kan náà ló ń yí sí. Ẹni tó ń dúró de mutex lè sùn. Apá driver tó ń jẹ́ ìpè pàjáwìrì ẹ̀rọ, ìyẹn interrupt, kò gbọdọ̀ sùn láé, nítorí náà mutex kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ọ̀ràn náà le, àwọn ẹlẹ́rọ Intel àti Thomas Gleixner, ọ̀kan lára àwọn àgbà kernel, tú kóòdù e1000e yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọ́n bá ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Bit kan wà tó ń jẹ́ SWFLAG, tí driver àti sọ́fítíwíà inú káàdì fúnra rẹ̀ jọ ń lò láti mọ ẹni tó kàn. Driver ń wá bit yìí láti inú interrupt, ibẹ̀ náà ló sì ti lè sùn bó bá ń dúró dè é. Kò tún sí ohun tó dá apá kan driver náà dúró kó má fi orí gbá apá kejì. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi mutex sí ibi tó yẹ. Iṣẹ́ gidi ni, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é látilẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń pa káàdì kọ́ nìyẹn.

Ftrace ló ń pa á, irinṣẹ́ tí Steven Rostedt kọ láti máa tọpasẹ̀ ohun tó ń lọ nínú kernel. Ftrace ní àkọsílẹ̀ àwọn àdírẹ́sì inú kóòdù tó fẹ́ yí padà. Díẹ̀ nínú wọn jẹ́ ti kóòdù tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí driver bá ń gbéra. Bí iṣẹ́ yẹn bá ti parí, kernel á gba àyè náà padà, á fi fún ẹlòmíràn, ẹlòmíràn yìí sì lè jẹ́ káàdì nẹ́tíwọ̀kì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pa àdírẹ́sì náà rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ftrace. Ó wá dà bí ayálégbé tó ti kó jáde, tó ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ṣílẹ̀kùn, tí kò mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba yàrá.

Ibi tó dunni jù nìyí. Àṣẹ cmpxchg ni ftrace fi ń ṣe àyípadà rẹ̀: wo ohun tó wà níbẹ̀, bó bá jẹ́ ohun tí o ń retí, pààrọ̀ rẹ̀, bí kò bá jẹ́ òun, má pààrọ̀ rẹ̀. Nítorí ìṣọ́ra ni wọ́n ṣe yàn án. Àmọ́ lórí processor x86, bí ohun tó bá níbẹ̀ kò bá tilẹ̀ dọ́gba, cmpxchg ṣì máa ń kọ ohun tó kà padà sáyè rẹ̀. Lórí mẹ́mórì lásán, kò sí ewu. Lórí register, àṣẹ tuntun nìyẹn.

Mutex inú e1000e, bó ti wù kó dáa tó, kò lè dá ftrace dúró, nítorí ftrace kò mọ̀ pé ó wà. Àdéhùn ni irú àgádágodo bẹ́ẹ̀, àwọn tó bá mọ̀ ọ́n nìkan ló sì ń mú. Inú ilé kan náà, tí kò ní yàrá, sì ni gbogbo driver inú kernel ń gbé. Ohun tó dáàbò bo káàdì ni àtúnṣe mìíràn tí Intel ṣe: bí driver bá ti gbéra, ó ti mẹ́mórì yẹn pa láti inú chip fúnra rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi tún kọ̀ǹpútà tàn. Àtúnṣe yìí bá kernel 2.6.27 jáde ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá. Ẹ̀dà 2.6.27.1, tí wọ́n fi pa apá ftrace tó lẹ́bi, wá tẹ̀ lé e nínú oṣù yẹn kan náà.

Chip náà ti ní títì yìí tẹ́lẹ̀. Driver ni kò lò ó. Àwọn kan á ní òmìnira ni, pé ẹni tó ra káàdì lẹ́tọ̀ọ́ láti tún inú rẹ̀ kọ. Òótọ́ ni, driver náà sì fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn yẹn ò pọ̀, kò sì bójú mu kí gbogbo ayé máa ru ewu nítorí wọn. Àwọn tó ń sọ pé títì ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn ò rí ẹsẹ̀ walẹ̀: kíkà register kan láti orí PCI, ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, máa ń pẹ́ ju gbígba spinlock tí kò sẹ́ni tó ń du ú.

Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí Linux 6.1 jáde, èdè Rust ti wọ inú kernel. Nínú rẹ̀, àgádágodo àti ohun tó ń ṣọ́ wà pọ̀, kóòdù tó bá fọwọ́ kan ohun náà láìgba àgádágodo kò ní kọjá lọ́wọ́ compiler. Ìtẹ̀síwájú gidi ni. Síbẹ̀, Rust ò lè dá ẹni tó gba ojú àdírẹ́sì àtijọ́ wọlé dúró. Kernel Linux ló wà nínú fóònù Android tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan ará ilé, ó kan ará oko. Kí ẹni tó bá ń kọ driver ka ìwé ìlànà chip rẹ̀ délẹ̀, kó wá bit tó ń ti mẹ́mórì tí kò ṣeé rọ́pò, kó sì tì í kí driver tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí àwọn tó ń yẹ kóòdù wò má ṣe gba èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ wọlé.